Ìgbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Mi Jẹ́ Òṣùwọ̀n

Òórùn ọ̀dà ara ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn bílíìṣì, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi títí dòní, Ketu ni ọkàn mi máa ń gbà lọ, sínú yàrá méjì kan tó kọjú sí títì lọ́nà Ikosi, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní lábù kí n tó bí ọmọ mi. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà, kò sówó láti lọ síwájú, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú mi lọ bá ọ̀gá tó ni lábù náà. Iṣẹ́ mi kò le. Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí tábìlì tí àwọn èèyàn á kọ́kọ́ bá, tí mò ń kọ orúkọ wọn, tí mò ń sọ fún àwọn ìyá àgbà pé, “Mummy, ìtọ̀ àárọ̀ la sọ, èyí tí ẹ gbé wá yìí ti di tọ̀sán.” Èmi náà ni mo ń nu ilẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó ṣí, èmi ni mo sì ń nù ún nígbà tí a bá fẹ́ tì í.

Ṣùgbọ́n mo ní iṣẹ́ kan sí i tí mo fi ń yan láàrin àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó ń mú èèyàn wá sọ́dọ̀ wa jù ni jẹ́nótáìpù. Láti Ketu, láti Mile 12, láti Alapere, àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń tò sórí bẹ́ǹṣì wa, nítorí pásítọ̀ ò ní so wọ́n pọ̀, àlùfáà náà ò sì ní so wọ́n pọ̀, bí wọn ò bá mú ìwé rẹ̀ wá. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Èkó? Bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ tí àrùn arómọléegun máa wà lára rẹ̀, ọmọ tí egungun á máa ro láti kékeré. Nítorí náà, ìwé pélébé yẹn ti tú àwọn olólùfẹ́ ká lójú mi. Mo ti rí ọkùnrin tó sunkún níwájú tábìlì mi, tó ní kí n bá òun sọ fún ẹ̀rọ kó tún un rò.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti sọ. Wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ìwé funfun kan, wọ́n á gbé ìwé náà sínú táǹkì kékeré tí omi oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá tan iná sí i. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A yára lẹ́sẹ̀, S ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ AA, ìlà kan ṣoṣo ni tirẹ̀ máa fà. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ìlà méjì. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó láti fi ka ìlà wọ̀nyí o. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ ti mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹni tí ẹ ò mọ̀, kí wọ́n jọ rìn, kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kí oníkálukú dé. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti mọ̀ yẹn ni òṣùwọ̀n. Àwọn lábù ńlá máa ń ra tiwọn nínú ìgò. Ní lábù tiwa, èmi ni ìgò.

Wọ́n yẹ̀ mí wò nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní AS ni mí, ìlà méjì tó mọ́ kedere, ni Ọ̀gá bá pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo Mọ́ńdè, Aunty Lábù, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kejì, á yọ orí síta, á ní, “Ó yá, òṣùwọ̀n, mú apá wá.” Mo máa ń rọ́ ọwọ́ aṣọ mi sókè níwájú àwọn oníbàárà bí olóyè tó ń ká agbádá sí èjìká. Mo sọ fún ìyá mi, mo sọ fún alájọgbé wa, mo ní gbogbo Ketu ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ mi wọ̀n. Alájọgbé wa ní, “Ṣé kì í tán ni?” Mo ní kì í tán.

Ọkọ tí mo wá fẹ́, fèrèsé aluminiọ̀mù ló ń ṣe, ó máa ń lọ fi wọ́n sí ilé àwọn olówó ní Ogudu àti ní Mende. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń fi téèpù wọn ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé irin rẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí a mú ìwé jẹ́nótáìpù wá, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù lábù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Ojota nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó sì mú AA dé, lẹ́tà méjì gàdàgbà. Pásítọ̀ yọ̀, mo yọ̀, ìyá ọkọ mi se ẹ̀wà aládùn kan tí gbogbo ilé jẹ. Èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi ń wọn ọmọ olọ́mọ, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé kí n wọn ọkọ tèmi. Àwọn àgbà ní ilé ahun kò gba ahun. Ilé òṣùwọ̀n náà kò gba òṣùwọ̀n.

Oyún mi ti yọ dáadáa nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn tó ń ṣàbójútó lábù máa wá bẹ̀ wá wò. Bí wọ́n bá rí i pé a ṣe dáadáa, wọ́n á fún Ọ̀gá ní sàtífíkéètì tó máa gbé kọ́ ògiri. Bí wọn ò bá rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn. Ọ̀gá, ọmọ Òkè-Ògùn tí kì í pariwo, di ẹlòmíràn. Ó pe akunlé, ó ní kí wọ́n kun gbogbo ògiri ní funfun, àní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ra àpótí yẹ́lò tí a ó máa ju abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí. Ó ṣí firíìjì tó yẹ kó jẹ́ ti oògùn ẹ̀rọ nìkan, ó bá ẹ̀fọ́ rírò Aunty Lábù nínú rẹ̀, ó bá ìgò sóbò mi, ó tún bá wàrà kan tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé síbẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ síta láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ń kọ́ wa ní ìdáhùn bí olùkọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. “Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀ ńkọ́?” A ó ní, “A ó da bílíìṣì lé e, a ó dúró díẹ̀, a ó wá nù ún, Sà.” “Ó dáa. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló ni firíìjì yìí ńkọ́?” Mo yára dáhùn pé, “Ẹ̀yin ni, Sà!” Ó di orí mú. “Oògùn! Oògùn ló ni firíìjì! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Aunty Lábù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àwọn méjì ni wọ́n wá. Ọkùnrin kan ń kọ nǹkan sílẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ni obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Mummy ìnsípẹ́kítọ̀ la pè é láàrin ara wa. Obìnrin yẹn kò wo ọ̀dà ògiri wa rárá. Ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó wò bóyá ó ń yọ. Ó yọjú wo inú àpótí yẹ́lò. Ó ṣí firíìjì, ó fa imú, ó ní, “Ta ló se ẹ̀fọ́ rírò?” Aunty Lábù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó ta sánsán o,” ni Mummy náà wí, ó sì pa firíìjì dé.

Lẹ́yìn náà ló dé ìdí táǹkì jẹ́nótáìpù. Ó wò ó yí ká, ó bèèrè bí a ṣe ń pa omi oògùn rẹ̀ dà, Ọ̀gá ń dáhùn, ohùn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Mummy náà wá ní, “Níbo ni ẹ̀jẹ̀ òṣùwọ̀n yín wà?”

Ọ̀gá fi ọwọ́ fà mí síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ tó gba ipò kìíní han àlejò. “Òun nìyí, Ma.”

Mummy náà wo ojú mi, ó wo ikùn mi, ó tún padà wo ojú mi. “Aboyún lẹ ń fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀?”

“Díẹ̀ bín-ín-tín ni, Ma. AS ni.”

“Ta ló sọ pé AS ni?”

“Àwa ni, Ma.”

“Ẹ̀rọ wo lẹ fi mọ̀?”

Ọ̀gá nawọ́ sí táǹkì. “Èyí náà, Ma.”

Mummy náà yọ awò ojú rẹ̀, ó jẹ́ kó fi okùn rọ̀ sí àyà. “Ọ̀gá, ẹ ti lọ ra gàrí ní Mile 12 rí?”

“Dáadáa, Ma.”

“Ẹ bá ìyá onígàrí jà pé kóńgò rẹ̀ kò pé. Ó wá bu gàrí kún kóńgò yẹn kan náà, ó ní, ‘Ẹ wò ó, ṣé ẹ rí i pé ó kún dẹ́dẹ́?’ Ṣé ẹ máa sanwó?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dákẹ́. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú yanrìn. Kì í ṣe òpùrọ́ o, kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun gan-an ló kọ́ mi pé kí n má ṣe fi orúkọ ẹnì kan sí ìgò ẹlòmíràn láé. Ṣùgbọ́n ìlà méjì mi mọ́ kedere lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbà á gbọ́, ó sì ti ń fi ohun tó gbà gbọ́ wọn gbogbo ayé láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ yẹn ló sọ mí di òṣùwọ̀n, èmi náà ni mo wá ń jẹ́rìí fún ẹ̀rọ.

Kò ti lábù wa pa. Ó ní yòókù dára, ó ní ó hàn pé a ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ ṣe jẹ́nótáìpù fún ẹnikẹ́ni títí Ọ̀gá á fi ra òṣùwọ̀n inú ìgò, tí wọ́n á sì ti yẹ̀ mí wò níbòmíràn, tí wọ́n á sì ti yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé lẹ bébà kan mọ́ ojú táǹkì. Aunty Lábù dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ iwájú orí òun fúnra rẹ̀.

Mummy náà wá fọ ọwọ́ nídìí omi ẹ̀rọ kó tó lọ. Èmi ni mo gbé ọṣẹ àti aṣọ ìnuwọ́ fún un. Kò gbé ojú sókè tó fi ní, “Ọkọ ńkọ́?”

“AA ni, Ma.” Mo dá a lóhùn kíá, bí ọmọ ilé ìwé.

“Ibí lẹ ti ṣe é?”

“Rárá, Ma. Ojota ni.”

“Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi wọn òun?”

Ó gba aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ mi, ó rọra ń nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mi ò sọ pé irọ́ ni o. Ìbéèrè lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, bébà ò lẹ́jẹ̀ nínú.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ inú mi tapá, mo fi ọwọ́ lé e, mo sì dúró níbẹ̀ títí Aunty Lábù fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ jókòó ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo wọkọ̀ lọ sí Ojota. Mo kàn fẹ́ rí ibẹ̀ ni, kí n rí ògiri, kí n rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bóyá ọkàn mi á balẹ̀. Mo bá ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì bí ọkọ mi ṣe júwe rẹ̀, àmọ́ táyà àlòkù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin tó jókòó sórí táyà pé lábù tó wà níbí ńkọ́. Ó ní wọ́n ti kó lọ. Mo ní síbo? Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Aunty, ṣé èmi ni mo bá wọn di ẹrù ni?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo bá ọkọ mi sọ ọ́ lẹ́yìn tó jẹun tán. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Ó gbé abọ́ sílẹ̀. “Ṣé irọ́ ni mo pa fún ẹ ni?” Mo ní, “Kì í ṣe ẹ̀yin, àwọn tó ṣe é ni mi ò mọ̀.” Ó ní, “Bó bá wá jẹ́ AS ńkọ́? Ọmọ ti wà níbẹ̀. Kí la fẹ́ fi mímọ̀ ṣe?” Ó dìde, ó lọ dúró síta. Ọkùnrin tó ń wọn fèrèsé olówó lẹ́ẹ̀mejì! Inú bí mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí mo ti dàgbà díẹ̀ sí i, mo mọ̀ pé fèrèsé tí kò bá dọ́gba, a lè tún un gé. Ọmọ ńkọ́?

Wọ́n yẹ̀ mí wò ní ilé ìwòsàn ńlá kan, àwọn tó ní ẹ̀rọ tó dára ju tiwa lọ. AS ni mí lóòótọ́. Ọ̀gá fò sókè nígbà tí mo mú èsì dé, ó ní, “Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!”, lẹ́yìn náà ojú tì í pé ó fò, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ra òṣùwọ̀n inú ìgò, àwọn olùbẹ̀wò padà wá, wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n ṣí bébà kúrò lójú táǹkì. Nígbà tó yá, sàtífíkéètì dé, Ọ̀gá gbé e kọ́ sórí ògiri funfun yẹn, lókè tábìlì mi gan-an. Gbogbo èèyàn ń yọ̀, èmi náà ń bá wọn yọ̀. Wọ́n ti fi ìgò rọ́pò mi, àmọ́ èyí kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé òṣùwọ̀n tòótọ́ wá wà lẹ́yìn àga mi báyìí, ọkọ mi ò sì fẹ́ dé ìdí rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló tú u. Ẹ̀wà ló ń tà ní Mile 12, òun àti bàbá ọkọ mi ló ti ìhà Ọ̀yọ́ wá sí Èkó tipẹ́tipẹ́. Ó gbé ẹ̀wà wá fún mi lọ́jọ́ Sátidé kan nítorí oyún, ó bá wa níbi tí a jókòó tí kálukú ń wo ọ̀tọ̀. Kò pẹ́ tó fi fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Mo ti ń ta ẹ̀wà kí ìwọ tó mọ ìrìn. Oníbàárà tó bá ní kí n dojú kóńgò mi délẹ̀, ṣé mo máa ń bá a jà?”

“Rárá, Mummy.”

“Mo máa dojú ẹ̀ délẹ̀, mo máa gbá a nídìí, kó fojú ara ẹ̀ rí i pé mi ò yọ́ àbẹ́là sísàlẹ̀ ẹ̀ kó lè gba díẹ̀. Ẹni tó yọ́ àbẹ́là sí i ló máa ń bínú. Ìwọ ò yọ́ nǹkan kan sí i. Kí ló wá ń bí ẹ nínú?”

Ọkọ mi tẹrí ba. “Mummy, inú ò bí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

Obìnrin náà ń fi ọwọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé eruku ẹ̀wà ṣì wà níbẹ̀. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn. Ó ní òun bí ọmọ kan ṣáájú ọkọ mi. Bí òjò bá ti ṣú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á máa ké títí ilẹ̀ á fi mọ́, ojú rẹ̀ á wá pọ́n bí ìyeyè. “Àbíkú ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kí n má fẹ́ràn ẹ̀ jù. Èmi náà gbọ́ tiwọn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ jù.” Ó gbé ojú sókè. “Kò sẹ́ni tó bá mi dojú kóńgò délẹ̀ nígbà yẹn. Dìde, jẹ́ ká lọ.”

Ọjọ́ náà gan-an la lọ. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Aunty Lábù fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi, kò ṣàwàdà kankan, èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n inú ìgò, kó fi tèmi náà sí i. Ó wò mí, ó na ọwọ́, ó ní, “Ó yá, òṣùwọ̀n, mú apá wá.” Ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kán ẹ̀jẹ̀ èmi àti tọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé funfun kan náà, wọ́n tan iná sí i, àwa méjèèjì jọ ń rìn.

Kò sẹ́ni tó ní láti bá mi ka èsì rẹ̀. Mo ti nu ìdí tábìlì yẹn fún ìgbà pípẹ́, mo mọ ìlà. Tèmi fà méjì bó ṣe máa ń fà. Tirẹ̀ náà fà méjì, wọ́n dé ibì kan náà, wọ́n dúró lójú kan náà, bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n rán aṣọ kan náà fún. Ọ̀gá ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò dúró sẹ́yìn tábìlì láti sọ ọ́. Ó jáde wá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí òun kì í jókòó sí, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì jọra.” Ọkọ mi ní, “AS?” Ọ̀gá ní, “AS.” Ọkọ mi mú ọwọ́ mi, èyí tí òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó dì í mú pẹ̀lú òwú náà. Ìyá ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní, “A ti mọ̀. Ó tán. Kí la máa ṣe báyìí?”

Mo máa ń rò ó pé ìbéèrè ìyá yẹn ló dáhùn ìbéèrè ọmọ rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀, ó ní ká fọkàn balẹ̀ ṣùgbọ́n ká múra sílẹ̀. A bí ọmọbìnrin, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó gùn lọ́wọ́ bíi bàbá rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò tí wọ́n dá fún wa, a gbé e lọ fún àyẹ̀wò láìdúró de ìrora kankan. SS ni. Mo sunkún, mi ò ní parọ́, mo sunkún títí ọmú mi fi ń kán. Ṣùgbọ́n ẹkún ẹni tó ti mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ni mo sun. Káàdì rẹ̀ ti wà nílẹ̀, oògùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀, a ti mọ̀ pé kí òtútù má mú un, kó máa mu omi dáadáa, kí ibà má pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìka ọwọ́ rẹ̀ wú tó ń ké, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì rẹ̀ pé kí lèyí. A gbé e, a lọ. Ìyá ọkọ mi ló gbé e sáyà, ó ń pè é ní gbogbo oríkì tó mọ̀, ó ń fẹ́ràn rẹ̀ jù, ó ń fẹ́ràn rẹ̀ jù gan-an. Ọmọ tèmi ní orúkọ, àìsàn rẹ̀ náà ní orúkọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní àbíkú.

Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò dáa, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó rọrùn. Àwọn tó dáa pọ̀ jù wọ́n lọ. Mo ṣì ń yà sí lábù náà nígbà míràn láti kí wọn. Sàtífíkéètì ṣì wà lókè tábìlì, wọ́n máa ń tún un gbà bí àsìkò rẹ̀ bá tó, ọmọbìnrin míràn ló ń jókòó sídìí rẹ̀ báyìí. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan nígbà tí ìyàwó ojú ọ̀nà kan wọlé, tó kọ́kọ́ dúró, tó ń ka ohun tó wà lára ògiri lọ́rọ̀ kan sí òmíràn kó tó jókòó. Ọmọbìnrin náà yí ojú, ó sọ fún mi lábẹ́ ẹnu pé, “Aunty, ẹ wo bó ṣe ń ka gbogbo ẹ̀, àfi bíi lọ́yà.” Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó jẹ́ kó kà á tán.

Ní àràárọ̀ kí ọmọ mi tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó gbọ́dọ̀ mu omi ife rẹ̀ kó tán. Ó kọ́kọ́ máa ń dà á sínú ọ̀dòdó tí mo gbìn sí ẹnu ọ̀nà, tó bá rò pé mi ò wò. Ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ ní èyí tó ń ṣe báyìí. Á mu ún, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, á wá dojú ife délẹ̀ níwájú mi, á gbá a nídìí pẹ̀lú ìka rẹ̀ kékeré, á ní, “Mummy, ẹ wò ó.”

Mo máa ń fara balẹ̀ wò ó. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i nígbà tó mu ún tán, mo ṣì máa ń tẹ̀ ba, mo máa ń wo abẹ́ ife náà dáadáa, kó tó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, kí a tó jáde.